Ohun Wúwo Inú Fáìlì Gabriel

Mo kí yín o, ẹ̀yin tí ẹ ó ka ìtàn yìí, ẹ̀yin tí ẹ jókòó nílé àti ẹ̀yin tí ẹ wà lójú ọ̀nà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jí wa sáyé lónìí. Ẹni tó ka iye ìràwọ̀, tó sì fi orúkọ pe gbogbo wọn, kò fojú fo ilé páànù kan ní Bẹ́ẹ̀rẹ́ dá. Kí ó ràn mí lọ́wọ́ kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà láìbù mọ́ ọn, láìyọ kúrò níbẹ̀.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, bàbá ìyá Ìníolúwa ló kọ́ ọ. Bí èèyàn bá dúró lójú fèrèsé òkè, páànù tó ti dógùn-ún ni yóò máa wò lọ títí dé ibi tí gbọ̀ngàn Mápó gbé jókòó lórí òkè. Yàrá yìí ni Ìníolúwa àti Gabriel ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún méjì, nítorí pé iná yunifásítì kì í dúró, ìyá Ìníolúwa sì ti gbé sólà sórí òrùlé. Akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn méjèèjì, oyè ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ń wá. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Ìníolúwa, Gabriel fi ọdún kan jù ú lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fákọ́lá ló ń tọ́ wọn sọ́nà.

Iṣẹ́ wọn ṣòro láti ṣàlàyé fún ará ilé. Ọkọ̀ kan wà tí kò ní awakọ̀, tó ń yí Júpítà po ní òfurufú lọ́hùn-ún. Júpítà yìí tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ayé wa lè wọ inú rẹ̀ nígbà ẹgbẹ̀rún. Òòfà ni, bí irin tó ń fa abẹ́rẹ́ mọ́ra, ibi tí agbára òòfà náà dé sì gbòòrò ju oòrùn lọ. Ọ̀kan nínú àwọn òṣùpá rẹ̀ ń pọ iná àti imí-ọjọ́ jáde tọ̀sán tòru, bí ẹni pé òjò Sódómù kò tíì dá níbẹ̀. Ohun tó ń pọ̀ jáde yìí á fọ́ sí wẹ́wẹ́, òòfà Júpítà á gbá wọn mú, á máa fì wọ́n bí òkò inú kànnàkànnà títí eré wọn yóò fi le. Áyọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pe àwọn ègé wẹ́wẹ́ náà. Àwọn ni ọkọ̀ yìí ń kà, tó sì ń wọ̀n. Àwọn tó ni ọkọ̀ ń kó òǹkà rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá wù lè mú un.

Ẹ̀rọ tó ń kà wọ́n ní ẹnu ọ̀nà méjì àti ògiri kan. Bí ègé kan bá gba ẹnu ọ̀nà kìíní kọjá, ẹ̀rọ á sàmì sí àsìkò. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà kejì, á tún sàmì. Nígbẹ̀yìn, ègé náà á forí sọ ògiri, ògiri á sì sọ bí agbára tó gbé wá ti pọ̀ tó. Ègé méjì lè gbé agbára kan náà wá, ṣùgbọ́n èyí tó bá pẹ́ láàárín ẹnu ọ̀nà méjèèjì ló wúwo jù. Bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́síjìn yàtọ̀ sí imí-ọjọ́ nìyẹn, láìfojú rí ọ̀kankan nínú wọn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ìníolúwa pa fáìlì tirẹ̀ àti ti Gabriel pọ̀ láti fi ya àwòrán kan ṣoṣo. Ọ́síjìn wà níbi tó yẹ kó wà. Imí-ọjọ́ wà níbi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n lókè wọn, níbi tó yẹ kó ṣófo, àmì bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fọ́n káàkiri, àmì ohun tó wúwo ju irin lọ ní ìlọ́po méjì. Nínú gbogbo ìwé tó ti kà, kò sí ẹni tó sọ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nítòsí Júpítà. Ó ya fáìlì àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Nínú tirẹ̀, òkè mọ́ féfé. Inú ti Gabriel ni gbogbo rẹ̀ wà.

Nígbà tí Gabriel dé, ó fi àwòrán náà hàn án. Gabriel wò ó títí, ó wá ní òun ti rí i láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, òun sì ti sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní bó bá jẹ́ òótọ́, ohun tí ẹnì kankan kò rí rí ni, ó sì ti fi orúkọ Gabriel sílẹ̀ láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ níbi àpéjọ kan tí wọ́n máa ṣe ní Àbújá lóṣù tó ń bọ̀.

“Kí ló dé tó ò sọ fún mi?” Ìníolúwa bi í.

“Mo fẹ́ kó dá mi lójú ná.”

“Kò tíì dá ẹ lójú, o lọ sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n. Èmi tí a jọ ń jẹ ẹ̀bà nínú abọ́ kan náà, kò dá ẹ lójú tó láti sọ fún mi.”

Gabriel ní kó má bínú, ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Ìníolúwa ti ń ṣọ́ Gabriel. Ó rántí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti orí ara rẹ̀ hùmọ̀ òǹkà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fákọ́lá lé e lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, kò sì sí olùkọ́ tó gbà á mọ́. Bí Gabriel bá hùmọ̀ òǹkà, ohun tó ń dúró dè é nìyẹn. Ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ní Mọ́lété, oyè yìí sì ni gbogbo ìdílé wọn ń retí. Ìníolúwa mọ èyí, ó sì dùn ún, ṣùgbọ́n kò mú kó gbójú kúrò lára rẹ̀.

Bí èèyàn bá sì ti ń fura, kò sí ohun tí kò ní rí. Ó rí i pé bí òun bá ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, Gabriel á pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé. Ó rí i pé ní ọ̀sán gangan, lójoojúmọ́, Gabriel á dìde, á ní òun fẹ́ ra ẹ̀pà, á sọ̀kalẹ̀ lọ sọ́nà Oríta-mẹ́rin. Á pẹ́ bí wákàtí kan, á padà dé pẹ̀lú òógùn lójú, kò ní mú ẹ̀pà kankan bọ̀. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìníolúwa bi í pé ẹ̀pà dà. Ó ní òun ti jẹ ẹ́ tán lọ́nà.

Ìyá Ifáyọ̀kẹ́, tó ń ta ewé àti egbò nísàlẹ̀ ilé, tún wá bu epo sí i. Ilé onífá ni wọ́n ti bí màmá náà, ó sì ti gbé ilé yìí pẹ̀lú ìdílé Ìníolúwa tó ogójì ọdún láìsí ìjà. Bí Ìníolúwa ṣe kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó fà á mọ́ra.

“Ọ̀rẹ́ rẹ yẹn,” ó ní, “bó bá ń sọ̀kalẹ̀ lọ́sàn-án, ṣe ló máa ń di àpò ṣòkòtò rẹ̀ mú bí ẹni tó jí ẹyin adìẹ.”

Ìníolúwa rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní bóyá fóònù ló wà níbẹ̀.

“Fóònù kọ́. Èmi tí mò ń ta egbò láti ìgbà tí ìyá rẹ ti wà ní wúńdíá, mo mọ ẹni tí inú ń run, mo sì mọ ẹni tó ń fi nǹkan pa mọ́. Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá tí ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Ó wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó ní òun gbàgbé ìwé. Mo ní ìwé wo ló wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò lè fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.”

Ìníolúwa gun òkè lọ wo fáìlì Gabriel nínú kọ̀ǹpútà tí àwọn méjèèjì jọ ń lò. Déètì ara rẹ̀ fi hàn pé ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ṣí i kẹ́yìn, ní aago mẹ́wàá ku díẹ̀, àsìkò tí òun ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn ní Bẹyẹrúnkà. 

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Comfort ni orúkọ ìyá yìí. Aṣọ ló ń rán, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ Adènà nínú ìjọ wọn, àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà bí onísáàmù ti fẹ́ dúró. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán kó tó lanu.

“Ẹlẹ́rìí mélòó lo ní?”

“Fáìlì rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí, mọ́mì. Déètì tí wọ́n ṣí i ni ìkejì. Ìrìnkèrindò rẹ̀ lọ́sàn-án ni ìkẹta.”

“Ìrìn kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Èmi náà ń rìn lọ́sàn-án.”

“Mọ́mì, ẹ ò rí ojú rẹ̀ ni.”

Comfort ní òun kò sọ pé kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Olúwa ló ní bí arákùnrin rẹ bá ṣẹ̀ ọ́, kí o kọ́kọ́ lọ bá a, láàárín ìwọ àti òun nìkan. Kí ó bá Gabriel jókòó, kí ó bi í, kí ó tó gbé e lọ síwájú ẹnikẹ́ni. Ìníolúwa ní bí òun bá bi í, á rí àyè nu gbogbo rẹ̀ kúrò nínú kọ̀ǹpútà. Ìyá rẹ̀ wò ó, ó mú ìwé orin rẹ̀, ó sì lọ sí ìdí máṣíìnì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìníolúwa kọ lẹ́tà sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fákọ́lá. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Ó wá kọ ọ́ báyìí pé ó dun òun, ṣùgbọ́n ohun gbogbo, títí kan bí Gabriel ṣe dá wọ yàrá lọ́jọ́ Ìsinmi, tọ́ka sí i pé ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ fi òǹkà kún fáìlì. Ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ lórí fóònù. Kò tó wákàtí kan tí èsì fi dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní òun ti yọ orúkọ Gabriel kúrò lára àwọn tó ń lọ sí Àbújá. Kí àwọn méjèèjì wá sí ọ́fíìsì òun ní aago mẹ́wàá Ọjọ́ Ajé. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni lẹ́tà náà sọ, Gabriel á kó ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí Ìníolúwa má sọ nǹkan kan fún un.

Ìníolúwa dojú fóònù rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì.

Ọjọ́ kejì ni ìkórè ìjọ wọn. Ẹni tó bá mọ ṣọ́ọ̀ṣì náà ní Bẹyẹrúnkà mọ̀ pé géètì rẹ̀ wà nísàlẹ̀, létí títì, ilé ìjọsìn sì wà lókè, àtẹ̀gùn òkúta mẹ́tàdínlógún ló wà láàárín wọn. Bàbá Akínwùmí ni adènà òkè. Ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ogún ọdún, ṣùgbọ́n ìjọ kò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ó ní bó ṣe ń ṣe é. Nísàlẹ̀, Comfort á lu agogo kékeré lẹ́ẹ̀kan fún ẹnikẹ́ni tó bá wọ géètì. Bí Bàbá bá ti gbọ́ agogo, á bẹ̀rẹ̀ orin kan lábẹ́ ètè rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ pákó ẹnu ọ̀nà kó tó parí ìlà kejì, ọ̀dọ́ ni, á jẹ́ kó kọjá. Bó bá di ìlà kẹrin kí ẹsẹ̀ tó dé, àgbàlagbà ni, tàbí aboyún, tàbí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Bàbá á na ọwọ́ mú onítọ̀hún lápá, á ní kí wọ́n gbé àga onítìmùtìmù wá. Ní Ìsinmi tí èrò bá mọ níwọ̀n, kò ṣì í rí.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìkórè, ṣe ni èèyàn ń ya wọlé. Agogo ń dún lórí agogo. Wọ́n ń gbé iṣu, wọ́n ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀, àwọn kan ń gòkè, àwọn kan ń padà lọ gbé ohun tó kù. Ìníolúwa ti wà ní ìjókòó akọrin nígbà tó rí i tí Bàbá Akínwùmí di ẹnì kan lápá mú, tó ń pariwo pé kí wọ́n gbé àga wá fún àgbà yìí kíákíá. Olúwaṣeun ni, ọmọ ogún ọdún tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́. Wọ́n ti fi tipátipá mú un jókòó sórí tìmùtìmù kó tó rí àyè sọ̀rọ̀. Gbogbo ìlà ẹ̀yìn rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, “Bàbá Ṣeun, ẹ kú ogbó o.” Kò pẹ́, Bàbá tún pe àga fún ọmọbìnrin kan tó sáré wọlé.

Ìníolúwa náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n gbé orin, ó gbé e pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti kúrò nínú orin.

Nígbà tí ìsìn parí, ó lọ kúnlẹ̀ síwájú Bàbá Akínwùmí, ó bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ tó fi pe àga fún Ṣeun.

“Ọmọ mi, agogo tí mo gbọ́ kì í ṣe agogo rẹ̀. Ẹni tó ni agogo yẹn ti padà sí géètì lọ gbé iṣu rẹ̀, èmi ò mọ̀. Mò ń kọrin mi lọ, mò ń retí rẹ̀. Ìgbà tí ẹsẹ̀ máa dé, ti Ṣeun ni. Mo fi ẹsẹ̀ ẹnì kan parí ìrìn ẹlòmíì.”

“Ẹ kì í ṣì í lọ́jọ́ mìíràn, sà.”

“Lọ́jọ́ mìíràn, ẹnì kan ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, àgbàlagbà tí kò sí ni mo máa ń rí.”

Ìníolúwa kò dúró jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù ìkórè. Ó gba ọ̀nà Ọjà'ba padà sílé bí ẹni tí wọ́n ń lé, aṣọ akọrin wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀. Bó ti ń lọ ló ń rántí bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ náà lọ́dún tó kọjá. Òun ló pín in. Ó gbójú sókè bíi Lọ́ọ̀tì, ó yan èyí tó rọrùn: àwọn fáìlì ìgbà tí ọkọ̀ wà lọ́nà jíjìn sí Júpítà, níbi tí ègé kò pọ̀. Gabriel kò jiyàn. Ó kó àwọn fáìlì ìgbà tí ọkọ̀ sún mọ́ Júpítà, níbi tí ègé ti ń ya lu ẹ̀rọ bí èrò ìkórè. Ọdún kan gbáko ló ti kọjá, Ìníolúwa sì ti gbàgbé pé ìpín àwọn kò dọ́gba.

Ó jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà ní aago méjì ọ̀sán. Ó ní bí àwọn ohun wúwo náà bá wà lóòótọ́, bí èrò bá di ìlọ́po méjì, àwọn náà á di ìlọ́po méjì, bí àgbàlagbà inú ìjọ ṣe ń pọ̀ sí i bí ìjọ bá ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan ni ẹ̀rọ fi ń parí ìrìn ẹlòmíì, àṣìṣe náà á yára ju èrò lọ, nítorí ègé méjì ló gbọ́dọ̀ pàdé kí àṣìṣe kan tó wáyé: èrò á di ìlọ́po méjì, àṣìṣe á di ìlọ́po mẹ́rin. Ó wo wákàtí kan tí ègé fi di ìlọ́po méjì nínú fáìlì Gabriel. Ohun wúwo ti di ìlọ́po mẹ́rin. Ó wo wákàtí mìíràn. Mẹ́rin náà ni.

Síbẹ̀, ìfura kò fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tó bá gbọ́n tó láti hùmọ̀ òǹkà, á gbọ́n tó láti hùmọ̀ ìyẹn náà. Ó wá ṣí fáìlì tirẹ̀, èyí tí Gabriel kò fọwọ́ kàn rí. Nínú gbogbo rẹ̀, ìgbà kan ṣoṣo ló wà, bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ọkọ̀ gba àárín ọ̀pọ̀ ègé kọjá. Ètò tí òun fúnra rẹ̀ kọ sínú kọ̀ǹpútà ń pa ohunkóhun tí kò bá tó mẹ́wàá lóòjọ́ rẹ́. Ó yọ òfin náà kúrò, ó tún un ṣí.

Àmì méje ló fọ́n sí òkè, níbi tó ti máa ń mọ́ féfé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo ju irin lọ.

Ìníolúwa gbé orí lé tábìlì. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, tó sì gbọ́, kò bá a wí. Ó kàn ní kó lọ wá Gabriel rí. Ìníolúwa pe Gabriel, kò gbé e. Ó wọ takisí lọ sí Mọ́lété, bàbá Gabriel ní kò tíì wálé. Ó pe Ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin, fóònù Ọ̀jọ̀gbọ́n kú.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ó bá Gabriel lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì. Gabriel wọ táì. Ó rò pé ọ̀rọ̀ Àbújá ni wọ́n fẹ́ sọ, ó sì ti tẹ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ níbẹ̀ sórí ìwé. Ìníolúwa kò jókòó.

“Gabriel, mo kọ̀wé sí Ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo ní o hùmọ̀ òǹkà.”

Gabriel ká ìwé ọwọ́ rẹ̀ sí méjì. “Nígbà wo?”

“Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo ti rí i pé irọ́ ni mo pa mọ́ ẹ. Mo wá ẹ délé lánàá.”

“Kí lo fi mọ̀ pé irọ́ ni?”

“Ó wà nínú fáìlì tèmi náà.”

Kí ó tó sọ nǹkan mìíràn, Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣí ilẹ̀kùn, ó ní kí wọ́n wọlé. Ọkùnrin tí kì í gbóhùn sókè ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fákọ́lá. Ó ti tẹ lẹ́tà Ìníolúwa sórí ìwé, ó gbé e sí àárín tábìlì. Ìníolúwa ní òun ṣì í, kí wọ́n jọ̀wọ́ fún òun ní àyè láti ṣàlàyé.

“O ṣì í, àbí àánú rẹ̀ ló ṣe ẹ́?” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. “Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó dá ẹ lójú. Lónìí, o ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ti jọ sọ̀rọ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀. Èwo nínú ìwọ méjèèjì ni kí n gbà gbọ́?”

“Ẹ má gba ìkankan gbọ́, sà. Ẹ ṣí fáìlì tèmi fúnra yín. Ẹ mú un láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe látọ̀dọ̀ mi.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n kọjú sí Gabriel. Ó ní kí ni ó wá ṣe nínú yàrá yẹn lọ́jọ́ Ìsinmi tí lẹ́tà náà sọ.  Gabriel ti ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, ó mú fláàṣì kékeré kan jáde, ó gbé e lé orí lẹ́tà náà.

“Mo lọ da fáìlì mi kọ síbí ni, sà. Láti ìgbà tí Íní ti ń ṣọ́ mi, mo rò pé ó fẹ́ pa ohun tí mo rí rẹ́ ni. Lọ́sàn-án ojoojúmọ́, mo máa ń gbé ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Oríta-mẹ́rin. Inú agolo mílíìkì ló ń bá mi tọ́jú ẹ̀ sí.”

Ìníolúwa wo fláàṣì náà. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fà kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ra, ó ní kí Ìníolúwa sọ ohun tó rí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Ó lé ní wákàtí kan tí kò fi bá wọn sọ̀rọ̀. Ó mú fáìlì Ìníolúwa láti ibi tí gbogbo ayé ti ń mú un, ó ṣí i láìlo òfin tó ń pa ohun tí kò tó mẹ́wàá rẹ́, ó rí àmì méje. Ó mú ti Gabriel láti ibẹ̀ náà, ó fi wé ohun tó wà nínú fláàṣì, òǹkà kan kò yàtọ̀. Ó ka ìlọ́po méjì, ó ka ìlọ́po mẹ́rin. Gabriel ń wo ilẹ̀. Ìníolúwa ń gbàdúrà nínú, kì í ṣe fún ara rẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n gbójú sókè, ó ya lẹ́tà náà sí méjì.

“Gabriel, o ò hùmọ̀ nǹkan kan. Jókòó sí ipò rẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ohun wúwo níbẹ̀, èrò ló pọ̀ jù fún ẹ̀rọ. O rí ohun tó wù ẹ́, o ò wá ohun tó lè bà á jẹ́. Èmi náà ò wá a.” Ó kọjú sí Ìníolúwa. “Ìwọ, ó dá ẹ lójú kó tó yé ẹ. Bí mo bá ti ṣe bí lẹ́tà rẹ ṣe wí, ta ló máa dá orúkọ rẹ̀ padà fún un?”

 Ọ̀jọ̀gbọ́n ní òun á dá orúkọ Gabriel padà sára àwọn tó ń lọ sí Àbújá. Kì í ṣe ohun tuntun ni yóò lọ kéde. Bí èrò ṣe ń tan ẹ̀rọ jẹ ni yóò lọ ṣàlàyé, kí àwọn mìíràn má baà kó sínú rẹ̀. Ó ní kí àwọn méjèèjì jọ kọ ọ́.

Níta, wọ́n rìn dé ibi tí takisí ti ń kó èrò. Ìníolúwa ní kó jọ̀wọ́, kó dárí ji òun.

“Mo ti dárí jì ẹ́,” Gabriel wí. “Èmi náà fi agolo mílíìkì sá fún ẹ. Ṣùgbọ́n Íní, mi ò ní gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Ìyá Ifáyọ̀kẹ́ mọ́. Bó ò bá sí nílé, mi ò ní wá.”

Ìníolúwa ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú takisí, ó mú ìwé jáde, ó sì tún iṣẹ́ náà pín. Ó kó gbogbo fáìlì ìgbà tí ọkọ̀ sún mọ́ Júpítà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Gabriel gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fa ìlà sí àárín, ó pín ti òkèèrè àti ti ìtòsí sọ́gbọọgba. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ ní Bẹ́ẹ̀rẹ́, wọ́n gun òkè, wọ́n sì jókòó. Gabriel ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó yí ojú kọ̀ǹpútà náà síbi tí Ìníolúwa ti lè rí i.

Ẹ̀yin ará mi, kí Olúwa tó mọ ohun tó wà nínú òkùnkùn má jẹ́ kí a fi ìfura ta ọ̀rẹ́ wa nù. Ẹni tó bá ń ṣọ́ yín láìnídìí, kí Ọlọ́run la ojú rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀yin náà ń ṣọ́, kí Ó fún yín ní ìgboyà láti lọ bá a sọ̀rọ̀ ní tààrà. Kí orúkọ yín má bàjẹ́ lẹ́nu ẹlẹ́rìí èké, kí ọ̀rọ̀ yín sì máa jẹ́ òtítọ́ níwájú Rẹ̀ títí ayé. Àmín.